Àmì Tí A Ń Tẹ̀ Kọjá

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ta ló lè gbàgbé ṣọ́ọ̀bù géèmù? Ọ̀kan wà ládùúgbò wa ní Ojú Ẹlẹ́gbà nígbà tí mo wà ní kékeré. Owó oúnjẹ ọ̀sán la fi ń san án. Kí eré PlayStation 2 tó bẹ̀rẹ̀, àmì ilé iṣẹ́ á kọ́kọ́ máa yọ lójú tẹlifíṣàn. Nínú ọ̀pọ̀ eré, CRI ADX wà lára wọn. Bọ̀ọ̀dá tó ni ṣọ́ọ̀bù á ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre, àsìkò yín ń lọ!" A ó sì tẹ̀ ẹ́ kọjá.

Kí ni ADX ná? Ilé iṣẹ́ CRI ní Japan ló ṣe é, láti fún ohùn pọ̀ kó má gbàyè. Eré Sega ló kọ́kọ́ bá gbilẹ̀, pàápàá lórí Dreamcast tó jáde lọ́dún 1998. Sega pa Dreamcast tì lọ́dún 2001, àmọ́ ADX ò bá a kú. Konami lò ó nínú Winning Eleven tí gbogbo wa ń ta.

Ṣé ẹ rí i, ìṣẹ́jú kan orin síídì lásán ń jẹ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 10. Ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ariwo èrò àti àwòrán sì ń fún ara wọn lórí àwo kan bí èrò dánfó. Ni ADX bá dọ́gbọ́n: ó ń fi ohùn tó ti kọjá méfò èyí tó ń bọ̀, ìyàtọ̀ tó kù nìkan ló ń kọ sílẹ̀. Ègé ohùn 32 tó yẹ kó gba báìtì 64, báìtì 18 ló ń gbà.

Ìlù dùndún ló sọ sí mi lọ́kàn. Òun náà kì í gbé kọ́ńsónáǹtì tàbí fáwẹ̀lì. Òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ohùn ló ń gbé. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú ẹ̀ á di odidi. Tí kò bá wá sí ẹni tó lè sọ ọ́ di odidi mọ́ ńkọ́?

Ẹ wo ara bọ́ọ̀sì: "Ojuelegba". Kò sí àmì ohùn, kò sí ìsàmì ìdí. Ojúbọ Ẹlẹ́gbà ló bí orúkọ yẹn, mélòó nínú èrò ọkọ̀ ló rántí? Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá gan-an, ṣebí báyìí náà la ṣe ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́. CRI kọ orúkọ tirẹ̀ sójú tẹlifíṣàn, a tẹ̀ ẹ́ kọjá. Tiwa ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ kọjá.