Ẹni Tó Jókòó Lẹ́yìn: Ìtàn Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ni-Méjì àti Àwọn Afọ́jú Tó Ń Gùn Ún

Kẹ̀kẹ́ la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Mi ò ní Márúwá lọ́kàn o. Kẹ̀kẹ́ tí à ń fẹsẹ̀ wà ni. Èyí tí mo ń sọ ní ìjókòó méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ẹni méjèèjì á sì jọ máa fẹsẹ̀ yí i. Òyìnbó ń pè é ní tandem. Ẹni iwájú ló di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, òun ló ń wo ọ̀nà. Ẹni ẹ̀yìn lè jẹ́ afọ́jú pátápátá.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ìtàn yìí kò ju ìbéèrè kan lọ: ẹni tó jókòó lẹ́yìn yẹn, ṣé èrò ọkọ̀ ni àbí awakọ̀?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọdún 1886, ní ìlú Biggleswade nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dan Albone, ọkùnrin kan tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ tà, àti A. J. Wilson ni wọ́n jọ gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni-méjì tó jọ ti òde òní jáde. Adití ni Wilson. Orúkọ tó fi ń kọ àpilẹ̀kọ nípa eré kẹ̀kẹ́ ni Faed. Ẹ ka lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn láti ẹ̀yìn wá síwájú lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó rí i pé "adití" ló pe ara rẹ̀. Ọkùnrin náà mọ àwàdà! Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni akanda ẹ̀dá ti lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí.

Ìdíje rẹ̀ wọ Òlíńpíìkì ní London ní 1908. Ó dáwọ́ dúró, ó padà dé ní 1920, wọ́n sì ń ṣe é bọ̀ títí dé Munich ní 1972. Lẹ́yìn Munich, wọ́n yọ ọ́ kúrò, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn afọ́jú ti ń fi í bá ara wọn díje. Ní 1996, ní Atlanta, tí eré kẹ̀kẹ́ inú velodrome kọ́kọ́ wọ Paralympics, ìyẹn Òlíńpíìkì àwọn akanda ẹ̀dá, tandem wà níbẹ̀. Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìtàn náà: ohun tí àwọn olójú sọ nù ni àwọn tí kò ríran gbé, tí wọ́n sì sọ di tiwọn.

Ó yá, ìbéèrè wa. Bí o bá gun ọ̀kadà láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀, ìwọ tó o wà lẹ́yìn ò ṣe iṣẹ́ kankan ju kó o dì í mú, kó o máa gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti afọ́jú ẹ̀yìn tandem. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣéènì kan ló so ìtẹ̀sẹ̀ iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn, tí ọ̀kan bá yí, èkejì gbọ́dọ̀ yí. Agbára ẹni méjèèjì ló ń ti kẹ̀kẹ́ lọ. Kẹ̀kẹ́ inú velodrome kò ní búrẹ́ẹ̀kì, kò sì ní jíà tí èèyàn lè pààrọ̀. Pákó ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì dagun ní kọ́nà bí òrùlé ilé. Ti London tó dígírì 42. Ẹni tí kò rí ìdagun yẹn gbọ́dọ̀ fi ara tẹ̀ ní àkókò kan náà pẹ̀lú ẹni iwájú, lórí eré burúkú. Wọ́n ń pe ẹni iwájú ní pilot. Stoker ni orúkọ ti ẹ̀yìn, orúkọ àwọn tó máa ń koná mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin láyé àtijọ́. Òun gan-an ni iná.

Ẹ wo Neil Fachie, ọmọ Aberdeen ní Scotland, tí wọ́n bí ní 1984 pẹ̀lú àrùn ojú tó ń jẹ́ retinitis pigmentosa, èyí tó ń jẹ ojú díẹ̀díẹ̀. Eré ẹsẹ̀ ló ń sá tẹ́lẹ̀. Ó sá mítà 100 àti 200 ní Paralympics Beijing ní 2008, kò rí àmì ẹ̀yẹ kankan gbà, wọ́n sì gé owó ìrànwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi lẹ́tà lé níbi iṣẹ́ rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ló bá bọ́ sórí kẹ̀kẹ́. Ní London 2012, òun àti Barney Storey tó wà níwájú gba wúrà kìlómítà kan, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 1.351. Kò tíì sí ẹni tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà.

Nínú eré yẹn kan náà, kẹ̀kẹ́ Anthony Kappes, ẹni tó gba wúrà rẹ̀ ní Beijing, dàrú nígbà tí òun àti Craig MacLean gbéra. Wọ́n tún un ṣe, ó tún dàrú, ló bá tán. Àmọ́ nígbà tó di àṣekágbá sprint, àwọn méjèèjì bá Fachie àti Storey pàdé, wọ́n sì nà wọ́n. MacLean ríran dáadáa o. Fàdákà ló gbà ní Òlíńpíìkì Sydney ní 2000; ìgbà tó wa Kappes ló tó gba wúrà ní Paralympics, torí wọ́n máa ń fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ pilot náà lọ́rùn. Lójú tèmi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi tandem sínú ìdíje Commonwealth ní Glasgow. Ta ló wà níwájú Fachie? MacLean tó nà án lánàá ni! Wọ́n jọ gba wúrà méjì. Ní Rio 2016, Pete Mitchell ló wà níwájú, fàdákà ni wọ́n gbà. Ní Tokyo, ó kan Matt Rotherham. Pilot ń yí padà, ẹni ẹ̀yìn kò yí. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi ta ni èrò ọkọ̀.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2021, ní Tokyo yẹn, Fachie àti Rotherham parí kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá 58.038, láti ojú kan. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó lé ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ lásán. Lọ́jọ́ náà gan-an, ìyàwó rẹ̀, Lora, tí òun náà jẹ́ stoker, gba wúrà tirẹ̀ pẹ̀lú Corrine Hall níwájú. Ìṣẹ́jú 16 ló wà láàrin wúrà ọkọ àti wúrà ìyàwó.

Ẹ lè sọ pé ti òyìnbó nìyẹn, àwọn tó ní velodrome tó sì ń rówó ìjọba gbà. Òótọ́ ni. Ẹ wá gbọ́ ti Kenya. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1998, bọ́ǹbù dún ní iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Nairobi, ó pa èèyàn tó lé ní 200. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Douglas Sidialo kò kú, àmọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì lọ sí i. Ní 2005, ó gun òkè Kilimanjaro dé ṣóńṣó. Òun yìí kan náà ló tún jókòó sẹ́yìn tandem, tó fẹsẹ̀ wà á láti Cairo títí dé Cape Town.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.