Ọ̀nà Tí Orin Gbà Wọ Òṣogbo

Bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ orin àti iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Yorùbá ní àárín ọ̀rúndún ogún, Òṣogbo ni ẹnu máa ń kọ́kọ́ lọ, èyí kò sì ṣe àjèjì, nítorí pé láti ọdún 1962 ni àwọn ará òkèèrè ti ń wọ́ tìrítìrí wá sí Òṣogbo Òròkí láti wo eré, àwòrán àti ère. Ṣùgbọ́n ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ilé tí orin náà ti jáde wá ní láti fi Òṣogbo sílẹ̀, kí ó kọjú sí òkè, kí ó la Ìkìrun Àgúnbé onílẹ̀ obì kọjá, kí ó dé Ìbà, Ìnísà àti Òkukù ní agbègbè odò Ọ̀tìn, kí ó sì yà sí Ìràgbìjí àti Ọ̀tán Ayégbajú kí ó tó padà. Èmi gbà pé àwọn ìlú wọ̀nyí ni ó fi orin sí Òṣogbo lẹ́nu, mo sì gbà pé a kò tíì sọ ọ́ tó.

Ogun ni ó kọ́kọ́ kó wọn pọ̀ sójú kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, nígbà tí Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ká Ìkìrun mọ́, Balógun Ajáyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kó ọmọ ogun Ìbàdàn wá gbèjà ìlú náà, ó sì ṣẹ́gun. Àwọn ọmọ ogun Ìlọrin tí ń sá lọ sílé bẹ́ sínú Ọ̀tìn tí ó kún dẹ́nu, odò sì gbé púpọ̀ nínú wọn lọ, ìdí abájọ tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi títí di òní olónìí. Ní àkókò tí ayé dà rú báyìí ni àwọn ará Òkukù ru ẹrù, tí wọ́n fa ọmọ lọ́wọ́, tí wọ́n sì wọ inú Ìkìrun lọ ṣe àtìpó, wọn kò sì padà sílé títí ogun fi tú ká ní 1893. Ọmọ tí a bí sí àtìpó lè di géńdé láìfi ojú kan oko baba rẹ̀. Ilé ti wó, igbó ti bo oko. Oríkì nìkan ni ó kù tí ó lè sọ fún un pé ọmọ ẹni báyìí ni ọ́, ibi báyìí ni ẹ ti ṣẹ̀ wá, ohun báyìí ni ẹ kì í jẹ. Bí ìyá bá jí ní òwúrọ̀ tí ó ki ọmọ ní oríkì orílẹ̀ rẹ̀, orí ọmọ náà á wú, á sì mọ̀ pé ìlú tí òun wà kì í ṣe ìlú òun.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tí ń ki oríkì wọ̀nyí, nítorí pé ọwọ́ wọn ni ìṣúra náà wà. Ẹ jẹ́ kí a wo ìyàwó ní ọjọ́ tí ó ń lọ sí ilé ọkọ. A ti wẹ̀ ẹ́, a ti fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó sì ń ti agbo ilé dé agbo ilé, ó ń sun ẹkún ìyàwó. Ó dé iwájú baba rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó tọrọ ìre. Ó yí padà sí ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ó ti ń ka oore tí ìyá ṣe fún un láti orí ìkúnlẹ̀ abiyamọ títí dé ọjọ́ òní. Ó ki orílẹ̀ baba rẹ̀ kí ó má ba à dà bí ẹni tí kò ní ilé lójú ìyáálé tí ó ń lọ bá, nítorí pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Kò sí ilé ìwé tí ó ti kọ́ ọ. Ẹ̀yìn àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ìyàwó ṣáájú ni ó tẹ̀ lé kiri títí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ ọ́ lára, ọmọdé tí ó ń wo òun náà lónìí ni yóò sì sun ún lọ́dún mìíràn. Bí a bá ń wá orin tí ó ti inú ọkàn wá, níbo ni a tún fẹ́ wá a dé?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ojú irin dé, ó gba Òṣogbo, Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà. Kòkó àti ekùrọ́ bá a lọ sí Èkó. Àwọn ọ̀dọ́ bá a lọ pẹ̀lú, Òṣogbo sì di ibi tí gbogbo wọn ń sọ̀ kalẹ̀ sí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí agbègbè yìí tọ́ ni Dúró Ládiípọ̀. Òṣogbo ni a bí i sí ní 1931, olùkọ́ni ìjọ Áńgílíkà ni baba rẹ̀, iṣẹ́ Ọlọ́run ni baba sì fẹ́ kí ọmọ ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ náà gbé ní Ọ̀tán Ayégbajú àti Ìnísà fún ìgbà díẹ̀, ó sì kàwé ní Ìlá Ọ̀ràngún, tí ó fi jẹ́ pé ibi gbogbo tí ó yí sí ni egúngún ti ń jáde, tí ìlù sì ń dún létí ilé míṣọ́nnì. Ohun tí ó rí nígbà náà kò kúrò lójú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó dàgbà, ó gbé dùndún wọ inú ilé ìsìn ní Òṣogbo láti fi kọ orin Àjíǹde, àwọn àgbà ìjọ sì bínú, wọ́n ní ìlù òrìṣà ni. Ládiípọ̀ kò bá wọn jà. Ó gbé ìlù rẹ̀ lọ sí ilé ọtí tí ó ń tà, èyí tí wọ́n ń pè ní Popular Bar, níbẹ̀ ni òun àti Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, sì ti ṣí ibùdó eré àti iṣẹ́ ọnà tí ń jẹ́ Mbari Mbayo ní oṣù kẹta ọdún 1962 pẹ̀lú eré Ọba Mọ́rọ̀. Ọba Kò So tẹ̀ lé e ní 1963, ó dé Berlin ní 1964, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kejì. Ẹni tí ó bá gbọ́ bí Ládiípọ̀ ti ń ké ramúramù bí Ṣàngó, àti bí Abíọ́dún aya rẹ̀ ti ń ṣe Ọya, yóò mọ̀ pé oríkì àti ọfọ̀ ni òpó tí ó gbé eré náà ró.

Irú ọ̀nà tí orin ìlú kékeré fi ń wọ ìlú ńlá báyìí wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Ní Detroit, ìlú tí a ti ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ni Berry Gordy ti dá ilé iṣẹ́ àwo orin Motown sílẹ̀ ní 1959, tí orin tí wọ́n ń pè ní sóòlù sì ti ibẹ̀ kárí ayé. Georgia ni àwọn òbí Gordy ti ṣí wá, Mississippi ni a sì bí baba Aretha Franklin, olórin sóòlù, sí kí ó tó di pásítọ̀ ní Detroit. Àwọn ọmọ ìlú kéékèèké ni wọ́n ru orin ìjọ wọn wọ ìlú ńlá. Ìlú ńlá ní iná, ní ẹ̀rọ, ní owó ìwòran. Ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà gbà sílẹ̀, oko ni ó ti wá.

Kí a padà sílé: ní 1964, Georgina, aya Ulli Beier, kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní Òṣogbo, ó fún wọn ní kíkùn àti búrọ́ọ̀ṣì. Jimoh Buraimoh tí ń tọ́jú iná fún ẹgbẹ́ Ládiípọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sí adé ọba ti ń ṣe. Twins Seven Seven, oníjó láti Ògìdì, di ayàwòrán tí orúkọ rẹ̀ kárí ayé. Muraina Oyelami, ọmọ Ìràgbìjí, fi ọwọ́ kan lu ìlù, ó fi ọwọ́ kejì ya àwòrán. Oore ńlá ni àwọn Beier ṣe, bẹ́ẹ̀ ni Susanne Wenger, òyìnbó ayàwòrán tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ gba igbó Ọ̀ṣun sílẹ̀ lọ́wọ́ ìparun. Èmi kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fojú di wọ́n. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé a ti kọ orúkọ ẹni tí ó pín kíkùn sínú ìwé púpọ̀, a kò sì bìkítà fún obìnrin tí ó kọ́ ayàwòrán ní ìtàn tí ó ń yà.

Òkukù ṣe orí ire ju àwọn ìyókù lọ nínú èyí. Ní àwọn ọdún 1970, Karin Barber, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì, wá gbé láàárín wọn, ó kọ́ Yorùbá débi pé ó bá ẹgbẹ́ eré Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo gorí ìtàgé, ó sì tẹ ìwé ńlá kan jáde ní 1991 lórí oríkì, àwọn obìnrin àti ìtàn ìlú náà. Ìkìrun, Ìbà àti Ìnísà ṣì ń retí tiwọn, àwọn ìyá tí ó sì mọ oríkì náà dáadáa ń dín kù lọ́dọọdún, nígbà tí ìyàwó ìwòyí ń ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí bọ́ sínú ọkọ̀ láìsun ẹkún kankan.

Oyelami ní tirẹ̀ lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlù ní Yunifásítì Ifẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ó kúrò níbẹ̀, Ìràgbìjí ni ó padà sí. Ó jẹ oyè Èésà ìlú náà, ó sì dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀.