Àmì ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù Khmer àtijọ́

Àmì ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù Khmer àtijọ́ ni àwòrán kúkurú tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣefíìmù ní orílẹ̀-èdè Kàmbódíà fi ń ṣí fíìmù wọn láàárín ọdún 1960 sí 1975. Iṣẹ́ irú àmì bẹ́ẹ̀ ni láti fi ẹni tó ṣe fíìmù hàn òǹwòran kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ó jẹ́ ẹ̀rí fún àwọn tó ń wá orírun fíìmù tí kò ní àkọsílẹ̀ mọ́.

Ìtàn

Nǹkan bí 400 fíìmù ni wọ́n ṣe ní Kàmbódíà ní sáà náà. Norodom Sihanouk, tó ti jọba rí tó sì jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn, darí fíìmù Apsara (1966). Àwọn aládàáni náà kò gbẹ́yìn. Ly Bun Yim ṣe Puthisen Neang Kong Rey (1968), tó dá lé ìtàn àtẹnudẹ́nu nípa àwọn obìnrin méjìlá tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá. Tea Lim Koun ṣe Puos Keng Kang (1970), nínú èyí tí Dy Saveth ti kópa.

Ìparun

Ní ọjọ́ 17 Oṣù Kẹrin ọdún 1975, ẹgbẹ́ Khmer Rouge gba Phnom Penh, olú-ìlú náà, wọ́n sì lé àwọn ará ìlú jáde. Iṣẹ́ fíìmù dópin. Ọ̀pọ̀ òṣèré àti olùdarí kú lábẹ́ ìjọba wọn, tó wà títí di oṣù Kìíní ọdún 1979. Nǹkan bí 30 fíìmù péré ló ṣẹ́kù.

Ìtọ́jú

Ìbẹ̀rẹ̀ rólù fíìmù ni àmì yìí máa ń wà, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ àti ẹ̀rọ ti tètè ń ba fíìmù jẹ́. Nítorí náà, ìtàn lè ṣẹ́kù kí àmì tó ṣíwájú rẹ̀ ti sọnù. Bí àmì bá sọnù, àwọn olùwádìí a máa wo pátákó ìpolówó, orin fíìmù àti ìrántí àwọn tó yè.

Rithy Panh wà lára àwọn tó dá Ibùdó Bophana sílẹ̀ ní Phnom Penh ní ọdún 2006 láti kó àwòrán àti ohùn orílẹ̀-èdè náà jọ. Davy Chou, tí bàbá ìyá rẹ̀, Van Chann, jẹ́ olùgbéjáde fíìmù ní sáà náà, ṣe Le Sommeil d'or (2011) nípa àwọn fíìmù tó sọnù wọ̀nyí.