Ogun Fàránsé ní 1892: ṣé ó gba Kétu sílẹ̀ lóòótọ́?

 Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń di àríyànjiyàn láàárín wa. Àwọn kan ní Fàránsé ló gbà wá lọ́wọ́ Dàhómì. Àwọn mìíràn ní ọ̀gá kan lọ, ọ̀gá mìíràn dé ni. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ogun kan yọrí, kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹni tó gbé e dìde ń wá. Fàránsé kò torí Kétu gbógun ti Dàhómì. Àjàṣẹ́ tó wà lábẹ́ ààbò wọn, Kùtọ́nù àti òwò etíkun ni wọ́n ń jà fún. Ọwọ́ wọn sì tẹ ohun tí wọ́n ń wá. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1892, Ọ̀gágun Dodds wọ Agbómẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1894, Béhanzin jọ̀wọ́ ara rẹ̀, wọ́n sì kó o lọ sí Martinique.

Àwa ńkọ́? Ní 1886, ogun Glèlè pa Kétu run, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ́kù lẹ́rú lọ sí Agbómẹ̀. Nígbà tí Agbómẹ̀ fọ́, àwọn ènìyàn wa rí ọ̀nà padà sílé. Wọ́n tún ìlú tẹ̀ dó, Onyegen sì jẹ Alákétu ní 1894. Oore ńlá nìyí, a kò lè sẹ́ ẹ. Àmọ́ àwọn tó ti oko ẹrú dé ló fọwọ́ ara wọn tún ilé kọ́.

Kí wọ́n tó dé ni wọ́n ti pín ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, ní Paris, Fàránsé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lórí ààlà. Kétu bọ́ sí apá kan, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí apá kejì. Lọ́jọ́ náà, ahoro ni Kétu, kò sí Alákétu lórí ìtẹ́. Àgbà kò sí lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́.

Adé tó padà náà kò padà pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀. Fàránsé fi Alábá Ìdá, ayaba Onyegen, ṣe olórí lé Kétu àti Ọ̀họ̀rí lórí, láìbéèrè lọ́wọ́ ìlú. Owó orí dé, iṣẹ́ tipátipá dé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, wọ́n ń fipá kó ọ̀dọ́mọkùnrin wọṣẹ́ ológun. Ọ̀họ̀rí kọ̀, wọ́n gbógun dìde. Ọ̀pọ̀ ará Kétu sì sá gba ààlà kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan wọn ní Nàìjíríà.

Ìdájọ́ wa nìyí: ogun 1892 ṣe ohun tí Fàránsé rán an. Ó ṣí ilẹ̀kùn Agbómẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n kò dá ara wa padà fún wa. Bí a bá ń sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ wa, kí a má dárúkọ Dodds nìkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé yín, ta ló ti Agbómẹ̀ padà wá nínú ẹbí yín? Àwọn ni wọ́n tún Kétu tẹ̀ dó.