Asọ̀rọ̀mágbèsì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fa waya rédíò wọ ilé àwọn tó lè sanwó rẹ̀ l'Ékòó. Ìbàdàn rí tirẹ̀ ní 1939. Rediffusion lorúkọ rẹ̀. Àpótí kan ni, ẹ ò sì lè yí i láti ibùdó kan sí òmíràn. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti orí waya lẹ máa gbọ́, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń bọ̀ láti BBC ní Lọ́ńdọ̀nù. Tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bá tẹ́ yín lọ́rùn tẹ́ ẹ bá a jiyàn, ẹ̀yin àti ògiri ni. Irú ẹ̀rọ yìí ni Yorùbá sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ yẹn, ẹ̀sùn ni, oríkì tún ni.

Ti ẹ̀sùn ló ṣẹ sí Awólọ́wọ̀ lára. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1953, Anthony Enahoro dá a lábàá nílé aṣòfin pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Ọ̀rọ̀ dìjà, àwọn Action Group sì dìde, wọ́n jáde. Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó dá wọn lẹ́bi. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun láyè kóun náà sọ tẹnu òun, wọn ò gbà. Wọ́n sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ fèsì. Nígbà tí ìwé òfin 1954 wá gba ẹkùn kọ̀ọ̀kan láyè láti ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀, Ìwọ̀ Oòrùn ò fi mọ sórí rédíò nìkan: ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn. Wọ́n ní àwọn làkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Àwọn Faransé ti ní tẹlifíṣọ̀n ní Àlgéríà ṣáájú, àmọ́ ẹ lọ sọ ìyẹn fún ará Ìbàdàn kẹ́ ẹ wò ó.

Oríkì ni ti ẹni tó ń kọ́fẹ àìsàn. Nílẹ̀ wa, iṣẹ́ méjì ni aláìsàn ń ṣe: ó ń ṣàìsàn, ó sì ń dáhùn. Ṣé ó ti ń dín kù? Kí ni dókítà wí? Ṣé ẹ ti jẹun? Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sí mi níkùn, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé, n ò sì lè ka iye ìgbà tí mo sọ pé "Ara ti ń mókun, a dúpẹ́." Iṣẹ́ sọ́fítíwíà tí mò ń ṣe gan-an, ìdáhùn ni látàárọ̀ dalẹ́, kọ̀ǹpútà á ní nǹkan kan ò tọ̀nà, ẹ ó sì wá èsì fún un. Tẹlifíṣọ̀n nìkan ni kò bi mí ní nǹkan kan. Mo sùn, mo jí, ó ṣì ń sọ tirẹ̀, kò bínú.

Àwàdà ló nira. Nọ́ọ̀sì ti ní bí mo bá fẹ́ wúkọ́ tàbí rẹ́rìn-ín, kí n fi ìrọ̀rí di ojú abẹ mú. Moses Ọláìyá, Baba Sàlá tí àwọn ará Ìbàdàn ń wò lórí WNTV láyé ọjọ́un, ìrọ̀rí kan ò ká a.

Bọ́ọ̀lù ni kì í jẹ́ kí asọ̀rọ̀mágbèsì jẹ́ orúkọ rẹ̀ tán, torí kò sẹ́ni tí kì í dá a lóhùn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 1980, Nàìjíríà na Àlgéríà ní 3-0 ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, a gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ẹyọ kan, ọmọ Shooting Stars ti Ìbàdàn sì ni àwọn méjèèjì. Bàbá mi ní ńṣe làwọn pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, táwọn tan rédíò, torí Ernest Okonkwo. Asọ̀rọ̀mágbèsì méjì nínú pálọ̀ kan, àwọn sì ń dá méjèèjì lóhùn.

Èmi, orí fóònù ni, pàápàá tí wọ́n bá ti mú iná lọ. Fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í dé lódindi. Wọ́n máa ń gé e wẹ́wẹ́, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀díẹ̀, fóònù á sì kọ́kọ́ kó bíi mélòó kan jọ kó tó fi wọ́n hàn, kó má baà máa há. Ìdúró yẹn lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Nítorí náà, àwọn tó ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa á ti pariwo "Góòlù!" nígbà tí bọ́ọ̀lù tèmi ṣì wà láàárín pápá. Ó máa ń bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi nínú tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀. Fún ẹni tó ní ojú abẹ, àánú ni: mo ti di ìrọ̀rí mú de góòlù tí n ò tíì rí.

Eré àtijọ́ kì í nílò ìyẹn. Èyí tí mo wò jù ni ti 31 oṣù Keje 1996, ìdíje Òlíńpíìkì, àwa àti Bràsíl, ní ìlú Athens ní Georgia, Amẹ́ríkà. Wọ́n ti fi 3-1 ṣíwájú wa nígbà ìsinmi. Okocha gbá pẹnáritì, kò wọlé. Ikpeba dá ọ̀kan padà, Nwankwo Kanu dá èkejì padà ní ìṣẹ́jú 90, ó sì tún gbá èyí tó parí eré wọlé ní ìṣẹ́jú 94. Ohun tí mò ń wò ní gbogbo àsìkò yẹn ni àyà rẹ̀. Àìsàn ti wà nínú ọkàn ọmọ náà bó ṣe ń sáré, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀. Ẹ̀yìn ìdíje yẹn, nígbà tó dé Inter Milan, làwọn dókítà rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ìlẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Cleveland. Ẹni tí gbogbo ayé ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n wá di ẹni tó ń dùbúlẹ̀, tí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò tún gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Ọdún 1997 ló padà sórí pápá. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá 1999, Chelsea ti fi 2-0 ṣíwájú Arsenal. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó gbẹ̀yìn, Kanu gbá mẹ́ta wọlé. Fún ẹ̀kẹta, ó yẹ gólì sílẹ̀ lẹ́bàá ìlà, níbi tí kò ti fẹ́ẹ̀ sí àyè mọ́, ó wá gbé bọ́ọ̀lù gba òkè orí àwọn tó dúró lẹ́nu ilé.