Owó Ogun Òṣòdì Tápà

Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ jọ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìsọlọ̀ ní ọba tirẹ̀, Ọ̀sọlọ̀. Orúkọ balógun ni Òṣòdì ń jẹ́ ní tirẹ̀. Ilẹ̀ Tápà ni wọ́n ti bí Landuji Òṣòdì Tápà, ààfin Ọba Òṣínlókun ní Èkó ló sì dàgbà sí. Kó tó di olórí ogun, ìtàn sọ pé òun ló ń gba owó ọba lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Pọtogí ní èbúté. Iṣẹ́ méjèèjì kò jìnnà síra wọn.

Láyé ìgbà náà, ìlú kì í san owó oṣù fún ọmọ ogun. Olóyè kọ̀ọ̀kan ló ń bọ́ àwọn tirẹ̀, ẹrú rẹ̀ sì pọ̀ nínú wọn. Oúnjẹ ń ti oko olóyè wá, ìkógun ni èrè ẹni tó bá padà wálé láàyè. Ìbọn àti ẹ̀tù ni oko kò lè pèsè. Etíkun ni wọ́n ti ń rà wọ́n lọ́wọ́ òyìnbó, epo àti owó ẹyọ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń san owó wọn. Ní Ìbàdàn, owó ibodè àti ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn ajẹ́lẹ̀ ń kó wá ló wà fún irú èyí. Síbẹ̀, nígbà tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, rán èrò lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní 1877, àwọn Ẹ̀gbá dènà dè wọ́n lójú ọ̀nà, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀. Èkó kò ní irú wàhálà yẹn: èbúté ni ibodè rẹ̀.

Kòsọ́kọ́ jọba Èkó ní 1845, Òṣòdì sì di igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, ọba àti balógun rẹ̀ sá, wọ́n sì fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùdó. Wọ́n gbógun padà wá ní 1853, ọwọ́ wọn kò tó ìlú. Èbúté Èkó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Èbúté Palma àti ti Lẹ́kkí ni wọ́n wá ń lò fún òwò epo.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, Kòsọ́kọ́ àti Benjamin Campbell, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, fọwọ́ sí àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ yóò máa gba ẹgbàá owó ẹyọ kan lórí àgbá epo tó gba gálọ́ọ̀nù 120, àti ọgọ́rin owó ẹyọ lórí ìwọ̀n pọ́n-ùn kan eyín erin. Bákan náà, wọn yóò máa san igba òkẹ́ owó ẹyọ fún un lọ́dọọdún, tàbí 1,000 dọ́là, kó má baà gba Èkó mọ́. Ẹni tó bá rò ó dáadáa yóò rí i pé Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí owó tí yóò máa bọ́ ọmọ ogun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á.

Ní oṣù Kẹjọ 1861, Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú, owó èbúté bọ́ sọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń san 1,200 òkẹ́ owó ẹyọ lọ́dún fún ọba náà. Kòsọ́kọ́ àti Òṣòdì padà dé Èkó ní 1862. Ní oṣù Kejì 1863, Kòsọ́kọ́ yọ̀ǹda Palma àti Lẹ́kkí pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni orísun owó ogun wọn gbẹ. Àwọn jagunjagun Ẹ̀pẹ́ tẹ̀ dó sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Erékùṣù Èkó, agbo ilé 21, lábẹ́ Òṣòdì. Ó kú ní 1868.