Àmì inú ọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ ògbufọ̀



Ní 1986, àjọ ISO fọwọ́ sí SGML, ìlànà fífi àmì sínú ọ̀rọ̀ orí kọ̀ǹpútà. Inú rẹ̀ ni HTML ti ṣẹ̀. Ní 2002, OASIS gbé XLIFF jáde, kí iṣẹ́ ìtumọ̀ lè ti inú ẹ̀rọ kan bọ́ sí òmíràn pẹ̀lú àmì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ ló ń fi àmì sí àyè rẹ̀. Àmì <b> ń mú kí lẹ́tà ki. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá wí pé “Take <b>two</b> tablets”, tiwa ni “Lo hóró <b>méjì</b>”, nítorí ẹ̀yín ọ̀rọ̀-orúkọ ni ẹ̀yán wa ń wà. Bí àmì bá ṣì bọ́ sórí “hóró”, iye oògùn tí aláìsàn yóò lò kò ní hàn ketekete mọ́. Ẹ̀rọ lè ka iye àmì. Ògbufọ̀ ló mọ ọ̀rọ̀ tó ni ín.